Fèrè Tí Kò Ní Ihò

Oríṣiríṣi ni fèrè tí ènìyàn ń fọn, ṣùgbọ́n èyí tí à ń pè ní tróńbóònù yàtọ̀ láàárín wọn. Kò ní ihò tí ìka ń dí. Irin gígùn kan ni afọnfèrè ń tì síwájú, tí ó sì ń fà sẹ́yìn. Bí ó bá tì í jìnnà, ohùn a lọ sílẹ̀. Bí ó bá fà á sún mọ́ ẹnu, ohùn a ròkè. Ipò méje ni irin náà ní, ṣùgbọ́n kò sí àmì kan lára rẹ̀ tí ó fi wọ́n hàn. Bí atukọ̀ Ìpakodò ti ń fi ọ̀pá wá ìsàlẹ̀ ọ̀sà, tí onídùndún sì ń fún ọsán ìlù rẹ̀ títí etí rẹ̀ yóò fi gbà pé ohùn náà pé, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ń fọn tróńbóònù ń ṣe.

Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni ó dá orin jáàsì sílẹ̀. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, ẹ̀yà rẹ̀ kan tí a ń pè ní hard bop gbilẹ̀. Orin yìí a máa yára, ó sì ń fa agbára láti inú orin ìjọ àti orin arò tí a ń pè ní blues. Eré sísá yìí ni ìṣòro tróńbóònù: bí irin ti ń lọ tí ó ń bọ̀, ohùn kan a fẹ́ wọ inú èkejì, àfi bí ahọ́n bá gé wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. J. J. Johnson ni ó fi han ayé pé ó ṣe é ṣe.

Ní ìlú Detroit ni a ti bí Curtis Fuller ní ọdún 1932. Àwọn òbí rẹ̀, tí wọ́n wá láti Jàmáíkà, kú nígbà tí ó wà ní ọmọdé, ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ni ó sì dàgbà sí. Sísítà kan mú un lọ síbi tí Johnson gbé ń ṣeré, ọkàn ọmọ náà sì fà sí tróńbóònù. Ní ilé ẹ̀kọ́ ni ó ti kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ 21, oṣù Karùn-ún, ọdún 1959, Fuller àti ẹni mẹ́rin gba orin mẹ́fà sílẹ̀ ní New Jersey. Benny Golson fọn sasofóònù, Tommy Flanagan tẹ dùùrù, Jimmy Garrison fi ìka ta gòjé ńlá, Al Harewood sì lu ìlù. *Blues-ette* ni orúkọ àwo náà. Fuller ni olórí, ṣùgbọ́n kò gba ẹnu gbogbo wọn sọ̀rọ̀. Òun àti Golson a jọ dá orin, ohùn wọn a ṣe wẹ́kú. Lẹ́yìn náà, olúkúlùkù a gba ààyè tirẹ̀.

Ní ọdún 1962, Art Blakey kó àwọn onílù jọ láti ṣe àwo *The African Beat*. Solomon Ilori, ọmọ Yorùbá, wà láàárín wọn. Fuller náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé fèrè sílẹ̀, ó sì lu ìlù. Ẹni tí ó ti jẹ́ olórí kò kọ̀ láti tẹ̀ lé ẹlòmíràn.

Ní ọdún 2021 ni Fuller kú. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: ọmọ tí kò ní bàbá, tí kò ní ìyá, ti fi etí àti sùúrù rí ẹbí láàárín àwọn olórin.