Mọ́tò dísẹ́ẹ̀lì tó ti rìn jìnnà di owó pọ́ọ́kú ní Lọ́ńdọ̀nù: ẹ rọra kí owó yín má bàa há sínú rẹ̀

Ìpè kan wà tó máa ń wọlé sórí fóònù àwọn oníṣòwò wa láti Lọ́ńdọ̀nù. Àbúrò ẹni tàbí ọ̀rẹ́ ẹni ni yóò pè, yóò ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, mọ́tò dísẹ́ẹ̀lì ti di owó pọ́ọ́kú níbí o. Èyí tó dáa, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dún dáadáa. Ẹ fi nǹkan ránṣẹ́ ká kó méjì mẹ́ta, ẹ ó tà á ní ìlọ́po nílé."

Irọ́ kọ́ ni ẹni náà ń pa. Owó mọ́tò dísẹ́ẹ̀lì tó ti dàgbà, tó sì ti rin ọ̀nà jìnnà, ti já wálẹ̀ gan-an lọ́hùn-ún. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yẹ ká mọ ohun tó já a wálẹ̀, nítorí pé ohun tó lé mọ́tò náà kúrò lọ́wọ́ olówó rẹ̀ lè máa dúró de ẹni tó fẹ́ rà á níbí.

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ tì àwọn èèyàn sídìí dísẹ́ẹ̀lì. Ní 2001, wọ́n yí owó orí mọ́tò padà, wọ́n ń wo iye gáàsì kábónì tí ọkọ̀ ń tú jáde kí wọ́n tó bu owó lé e. Dísẹ́ẹ̀lì kì í jẹ epo tó bẹntiróòlù, torí náà owó orí tirẹ̀ kéré. Nígbà tó fi máa di 2014, nǹkan bí ìdajì mọ́tò tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ló jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì. Oṣù kẹsàn-án 2015 ni àṣírí tú ní Amẹ́ríkà pé Volkswagen ti fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ sínú kọ̀ǹpútà mọ́tò rẹ̀: tí wọ́n bá ń yẹ ọkọ̀ náà wò, èéfín rẹ̀ á mọ́, tó bá bọ́ sójú títì, ó di nǹkan mìíràn. Nǹkan bí mílíọ̀nù 11 mọ́tò káàkiri ayé ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ojú tí wọ́n fi ń wo dísẹ́ẹ̀lì yí padà látìgbà náà. Ní 2023, dísẹ́ẹ̀lì kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mọ́tò tuntun tí wọ́n tà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Òfin ló wá parí iṣẹ́ náà. Ní Jámánì, ilé ẹjọ́ ní Leipzig sọ ní oṣù kejì 2018 pé àwọn ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti lé dísẹ́ẹ̀lì tó ti pẹ́ kúrò lójú títì wọn. Hamburg ló kọ́kọ́ ṣe é lọ́dún náà, Stuttgart tẹ̀ lé e ní 2019. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ 8 oṣù kẹrin 2019 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba 12.50 pọ́n-ùn lójúmọ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ kò bá òfin mu láàárín ìgboro. Wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i ní 2021, nígbà tó sì di ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 2023, ó ti kan gbogbo ìlú náà dé ẹ̀yìn odi.

Ẹ wo ibi tó ti ká dísẹ́ẹ̀lì mọ́. Mọ́tò bẹntiróòlù tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2006 sábà máa ń kọjá láìsan kọ́bọ̀. Dísẹ́ẹ̀lì ti 2014, tó fi ọdún mẹ́jọ kéré sí i, sábà máa ń san. Èyí tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án 2015 síwájú ló máa ń bọ́.

Ká ní ará ilé wa kan ní Peckham ń fi mọ́tò rẹ̀ kó gàrí àti èlùbọ́ kiri fáwọn oníbàárà, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. 75 pọ́n-ùn lọ́sẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún kan, 3,900 pọ́n-ùn. Ọ̀pọ̀ nínú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá tà á pátápátá, owó rẹ̀ kò tó iye yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ rà á náà ti ṣe ìṣirò kan náà kó tó dé, ó sì mọ̀ pé ẹni tó ń tà á kò lè pẹ́ lórí rẹ̀. Bí owó ṣe ń já nìyẹn. Nígbà kan, ìlú Lọ́ńdọ̀nù ń san 2,000 pọ́n-ùn fún ẹni tó bá fa mọ́tò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ kí wọ́n fọ́ ọ, ṣùgbọ́n ètò náà parí ní oṣù kẹsàn-án 2024. Lójú tèmi, bí ilẹ̀ tí owó náà fẹsẹ̀ tẹ̀ ni 2,000 yẹn rí, ilẹ̀ náà sì ti yẹ̀.

Ṣé ó wá ṣeé kó wálé? Ti Lọ́ńdọ̀nù, rárá. Ọwọ́ ọ̀tún ni ìdarí rẹ̀ wà, àwa sì ti kúrò nídìí ìyẹn látọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972. Èyí tó wá láti Jámánì tàbí Bẹ́ljíọ̀mù, tí ìdarí rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì, ló ṣeé bá sọ̀rọ̀, èyí tí púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń gba Kútọnu. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó mọ́tò gba orí ilẹ̀ wọlé. Èbúté nìkan ló kù. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù kò sì gbọdọ̀ gba mọ́tò àlòkù tó ti ju ọdún 12 lọ láti ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò: àwọn mọ́tò tí Yúróòpù ń lé jù, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú 2015, àwọn gan-an ni ilẹ̀kùn tiwa náà ti tì mọ́ tàbí tó ń tì mọ́. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ajẹ́ńtì òun mọ ọ̀nà rẹ̀, owó yín ló fẹ́ fi dán an wò.

Ká tún sọ ti epo. Ní Yúróòpù láti 2009, imí ọjọ́ tó wà nínú dísẹ́ẹ̀lì kò gbọdọ̀ ju ìdá 10 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Epo tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún tà fún wa níbí ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Àwọn mọ́tò yìí sì ní asẹ́ kan nídìí sàlẹ́ńsà tó ń gba èérú dúdú. Epo burúkú àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló máa ń dí i. Àwọn mẹkáníìkì wa máa ń gé e dànù, àmọ́ injector àti tọ́bò tó ti rin 150,000 máìlì kò ṣeé gé dànù, owó ni wọ́n ń gbà. Epo ọ̀hún náà ti wọ́n: lítà kan kò tó 300 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, ó ti kọjá 800 kí ọdún náà tó parí, ó sì ti ju 1,200 lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, kí iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù ní oṣù kẹrin.

Mi ò ní kí ẹni tó ń fi bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ akẹ́rù ṣiṣẹ́ sá fún dísẹ́ẹ̀lì o. Kò sóhun tó dà bí agbára rẹ̀ lábẹ́ ẹrù. Bẹ́ẹ̀ sì ni máìlì tó pọ̀ kì í ṣe ikú: èyí tó rin 150,000 lójú ọ̀nà márosẹ̀ lè sàn ju èyí tó rin 70,000 nínú ìgboro, tó ń dúró tó ń lọ. Ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà ni kẹ́ ẹ béèrè, kì í ṣe nọ́ńbà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ìyẹn ṣeé dá padà sẹ́yìn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ra èyí tó ti wà nílé, ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ má sì sọ aago tẹ́ ẹ máa dé. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó tutù kì í lè purọ́. Tó bá pẹ́ kó tó ṣáná, tí èéfín funfun ń rú tí kò dáwọ́ dúró, tàbí tí èéfín rẹ̀ jọ búlúù, ó ń jẹ ọ́ìlì tàbí kí injector rẹ̀ ti lọ. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kó tó ṣí i. Tó bá ti gbóná, ẹ sọ fún un pé ẹ ó padà wá lọ́la.