Egungun Àgbọ̀n Tí Ó Ṣẹ́

Bí ọ̀kadà bá gbé ènìyàn ṣubú ní Ọlọ́runṣògo wa, tí egungun àgbọ̀n ṣẹ́, kí a má rò pé ìwòsàn parí nígbà tí egungun bá ti so. Bí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò bá pàdé bíi ti àtẹ̀yìnwá, egungun náà so ní wíwọ́. Nítorí náà ni àwọn dókítà UCH Ìbàdàn ṣe ń fi wáyà de eyín òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6.

Bí oríkèé iwájú etí bá fara pa, pàápàá ti ọmọdé, ìdè náà kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kí oríkèé má baà gan. Lẹ́yìn náà, kí aláìsàn máa la ẹnu lójoojúmọ́ bí dókítà ti wí, títí ìka rẹ̀ 3 yóò fi gba àárín eyín.