Ìṣubú Àgbàlagbà àti Ẹ̀rọ tí ń Gbọn Ara

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni òwe yìí, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ ara mu pẹ̀lú. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó fẹsẹ̀ kọ ní àgbàlá ilé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá yóò dìde, yóò gbọn eruku ìdí rẹ̀ nù, yóò sì tún máa sáré lọ. Ìyá àgbà ẹni ọdún 75 tí ó yọ̀ ṣubú nínú balùwẹ̀ ilé kan náà lè má fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ọjà Ìkòtún mọ́ láéláé.

Ohun tí ó lè gbé àgbà ṣubú kò wọ́n ní Alímọ̀ṣọ́. Pákó tí wọ́n tẹ́ sórí gọ́tà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà wọ ilé. Àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mìíràn kò ní ohun ìdìmú. Iná mànàmáná sì lè lọ lóru gan-an nígbà tí àgbà bá dìde láti lọ tọ̀. Èyí tí ó burú jù nínú ohun tí ìṣubú ń fà ni kí egungun itan kán níbi tí ó ti wọ ìbàdí. Àwọn ẹbí kan a gbé aláìsàn lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń to eegun. Àwọn mìíràn a gbé e lọ sí Ìgbóbì, níbi tí ilé ìwòsàn eegun ti wà láti ọdún 1945. Níbikíbi tí wọ́n bá gbé e lọ, ìdùbúlẹ̀ ọjọ́ pípẹ́ a máa mú egbò ẹ̀yìn àti àìsàn ẹ̀dọ̀fóró wá. Ẹni tí eegun rẹ̀ kò tilẹ̀ kán kò tíì bọ́. Ẹ̀rù á bà á, á jókòó sójú kan, ìjókòó náà á sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di aláìlágbára, àìlágbára náà á sì tún gbé e ṣubú. Ìfẹ́ ni àwọn ọmọ fi ń wí pé, ‘Màmá, ẹ jókòó jẹ́jẹ́, ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu’, ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà kì í ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé kan ṣoṣo. Ní ọdún 2003 sí 2004, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí láàárín àwọn tí ó lé ní 2,000 tí wọ́n ti pé ẹni ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ lórí ìṣubú jáde ní 2010, ó hàn pé àwọn tí ó ṣubú láàárín ọdún kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú mẹ́rin.

Kí ni ó tilẹ̀ ń mú ènìyàn dúró lóròó? Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni ó ń jẹ́rìí fún ọpọlọ. Ojú ń sọ ibi tí ògiri àti ilẹ̀ wà. Nínú etí lọ́hùn-ún, omi díẹ̀ wà tí ń mì bí orí bá ti mì, tí ó sì ń sọ ìhà tí orí tẹ̀ sí. Ẹlẹ́rìí kẹta ni àtẹ́lẹsẹ̀, oríkèé àti iṣan, tí ń ròyìn bí ilẹ̀ ti rí lábẹ́ ara. Ọpọlọ a gbọ́ tẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a sì pàṣẹ fún iṣan ẹsẹ̀ pé kí ó fà kí ara má bàa wó. Gbogbo èyí kì í gbà tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ rí i kedere lè fi ẹsẹ̀ kan dúró lẹ́bàá ògiri, kí ó wá di ojú méjèèjì: kíá ni yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, nítorí pé ẹlẹ́rìí kan ti kúrò ní kóòtù. Lára àgbà, ojú ti ń ṣe bàìbàì. Àtẹ́lẹsẹ̀ kò mọ nǹkan lára bíi ti àtijọ́, pàápàá bí àtọ̀gbẹ bá wà níbẹ̀. Iṣan tí ó yẹ kí ó fà sì ti joro, ó ti lọ́ra. Kí àṣẹ tó dé ẹsẹ̀, ara ti dé ilẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rọ tí ń gbọn ara ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Ó jọ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìwúwo ènìyàn ní ilé ìwòsàn. Àgbà yóò gun orí rẹ̀, yóò tẹ orúnkún díẹ̀, pẹpẹ náà yóò sì máa gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀, nǹkan bí ìgbà 15 sí 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, pẹ̀lú ìwọ̀n mìlímítà díẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe kò yàtọ̀ púpọ̀ sí òòlù kékeré tí dókítà fi ń kan orúnkún tí ẹsẹ̀ fi ń ta sókè. Ìgbọ̀n kọ̀ọ̀kan ń na iṣan díẹ̀. Iṣan ránṣẹ́ sí ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọ̀pá ẹ̀yìn dá a lóhùn pé kí ó fà, láì tíì dúró de ọpọlọ. Àwọn onímọ̀ ní Sweden ti ṣàlàyé irú ìfàsẹ́yìn iṣan bẹ́ẹ̀ ní 1966. Ìrònú àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ni pé bí iṣan bá ń fà lọ́pọ̀ ìgbà báyìí, yóò le, yóò sì yára.

Awàdà kan lè sọ pé ẹni tí ó bá ti wọ dáńfó láti Ìgàndó dé Ìkòtún ti gba ìgbọ̀n tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjókòó ni èrò ọkọ̀ jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Ìgbọ̀n ọkọ̀ kò ní òṣùwọ̀n, ó sì ń bá awakọ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Irú ìgbọ̀n bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ń ba ẹ̀yìn awakọ̀ jẹ́.

Ǹjẹ́ ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́? Ní Hong Kong, wọ́n dán an wò lára àwọn obìnrin 710 tí wọ́n ti ré kọjá ọgọ́ta ọdún, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2014. Àwọn kan ń dúró lórí pẹpẹ fún 20 ìṣẹ́jú lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún oṣù 18. Àwọn yòókù ń bá ìgbé ayé wọn lọ. Nínú àwọn tí ó lo ẹ̀rọ, ìdá 18.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ṣubú. Nínú àwọn yòókù, ìdá 28.7. Ẹsẹ̀ wọn le sí i, ṣùgbọ́n eegun wọn kò fi bẹ́ẹ̀ le sí i. Èrè gidi ni èyí. Ẹ jẹ́ kí olùkà kíyè sí i, síbẹ̀síbẹ̀, pé àwọn tí kò ṣe nǹkan kan ni wọ́n fi wé wọn, kì í ṣe àwọn tí ń ṣe eré ìdárayá. Ìdárayá sì ní ẹ̀rí tí ó pọ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ fíìfíì: àkójọ ìwádìí 108, tí ènìyàn 23,407 wà nínú rẹ̀, tí ó jáde ní 2019, fi hàn pé ìdárayá ń dín iye ìṣubú àwọn àgbà kù ní ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbi tí wọ́n ti pa ìkọ́ni ìdúró mọ́ ìkọ́ni agbára iṣan, ó tó ìdá 34.

Nítorí náà, ẹbí tí ó bá fẹ́ yá owó ra ẹ̀rọ náà ní Alímọ̀ṣọ́ yóò ṣe dáradára bí ó bá kọ́kọ́ ro ọ̀rọ̀ iná àti ẹni tí yóò dúró ti àgbà lórí rẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ara ni ó yẹ fún. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ń mú ọkàn lù nínú àyà, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dì sí nínú iṣan ẹsẹ̀, ẹni tí wárápá ń ṣe, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún tàbí tí eegun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kán, kò gbọdọ̀ gun orí rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà bá fọwọ́ sí i.

Ohun tí ó kù kò ju àga àti ògiri lọ. Kí àgbà jókòó sórí àga líle, kí ó dìde láìfi ọwọ́ ti ara rẹ̀, kí ó tún rọra jókòó, nígbà mẹ́wàá. (Àpótí kúkúrú tí àwọn ìyá ń jókòó lé ní ìdí ààrò fún itan ní iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́; àga tìmùtìmù ni ó gbà á lọ́wọ́ wọn.) Kí ó di tábìlì tí kì í mì mú, kí ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kí ó kà dé mẹ́wàá, kí ó sì yí sí ìkejì. Kí ó rìn lẹ́bàá ògiri bí ẹni tí ń tọ okùn, kí gìgísẹ̀ kan máa kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì. Ẹni tí ó ti ṣubú rí, tàbí tí òòyì ń kọ́, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà. Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò ti Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgàndó. Kí ó mú gbogbo oògùn tí ó ń lò dání, nítorí pé oògùn oorun àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú kí òòyì kọ́ ni.

Èrè náà pọ̀ jù lọ bí ìdárayá bá lé ní wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Bí wọ́n bá sì dá a dúró fún oṣù mélòó kan, agbára tí ẹsẹ̀ rí gbà yóò tún lọ. Nítorí èyí, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ìsinmi rẹ̀ kọ́ ìyá àgbà ní ìdárayá yìí ní láti fi ẹnì kan sílẹ̀ nílé tí yóò máa bá a kà á lẹ́yìn tí òun bá ti padà sí ilé ẹ̀kọ́.