Ìwé Ló Ń Tú Àdéhùn, Kì Í Ṣe Yunifọ́ọ̀mù

Ọmọ Yorùbá tó bá ra ilé sítòsí ibùdó ológun ní Amẹ́ríkà, ì báà ṣe Killeen ní Texas tàbí Norfolk ní Virginia, kò ní í pẹ́ gbọ́ ìkìlọ̀ yìí: "Ẹ má fún ṣọ́jà nílé yẹn o. Ẹ ó kàn jí lọ́jọ́ kan ni, ilé á ti ṣófo." Lóòótọ́, òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà, Servicemembers Civil Relief Act ti 2003, tó jẹ́ kí ológun lè já àdéhùn ilé kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Àmọ́ àbùmọ́ ti pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Irọ́: Ìgbà tó bá wu ṣọ́jà ló lè kó jáde.
Òótọ́: Àfi tó bá gba ìwé àṣẹ pé wọ́n ti gbé e lọ síbòmíràn, tàbí pé wọ́n ń rán an lọ sójú iṣẹ́ fún ó kéré tán 90 ọjọ́. Ẹni tó gba ilé kó tó wọṣẹ́ ológun náà wà lábẹ́ ààbò yìí. Bó bá ṣe ilé tó rẹwà ju tẹ́lẹ̀ lọ ló rí ládùúgbò kejì, òfin yìí ò gbè é.

Irọ́: Ọjọ́ tí ṣọ́jà bá sọ pé òun ń lọ ni owó ilé dúró.
Òótọ́: Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Yóò kọ ìwé, yóò so ẹ̀dà ìwé àṣẹ mọ́ ọn. Tó bá ṣe owó oṣooṣù ló ń san, a óò dúró dìgbà tí owó tó kàn bá pé, ká tó ka 30 ọjọ́. Ká ní ìwé dé ọwọ́ onílé ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án, tí owó sì pé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ni àdéhùn tó parí. Ọjọ́ 43 gbáko nìyẹn.

Irọ́: Onílé lè mú dípọ́síìtì ṣọ́jà fi gbẹ̀san.
Òótọ́: Kò sí owó ìtanràn fún pé ó tètè lọ. Onílé tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé dípọ́síìtì náà torí pé ológun lo ẹ̀tọ́ yìí lè fẹ̀wọ̀n tó ọdún kan jura. Owó ilé tí ológun ti san sílẹ̀ kọjá ọjọ́ ìparí, 30 ọjọ́ ni onílé ní láti dá a padà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ayálégbé fọ́ àti owó oṣù tó jẹ, ọrùn rẹ̀ ni wọ́n wà.

Irọ́: Ṣọ́jà lè lọ, ìyàwó rẹ̀ ló kù tí yóò máa sanwó.
Òótọ́: Bí àwọn méjèèjì bá jọ fọwọ́ sí àdéhùn, ìwé kan náà ló tú ìyàwó sílẹ̀.

Irọ́: Ìjọba ló ń sanwó fún onílé, nítorí náà owó dájú.
Òótọ́: Owó ilé tí ìjọba ń fún ológun tó ń gbé láàárín ìlú, tí wọ́n ń pè ní BAH, ọwọ́ ológun fúnra rẹ̀ ló ń bọ́ sí. Ipò rẹ̀, àdúgbò ibi iṣẹ́ rẹ̀ àti bóyá ó ní ìdílé ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Bí kò bá san án fún onílé, gbèsè ni.

Onílé tó gbọ́n á ti béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ìgbà tó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé ayálégbé náà kúrò. Ayálégbé tó ń sá lóru kì í kọ ìwé sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣọ́jà tó bá fẹ́ kí òfin yìí gbè é ní láti kọ ọ́, kó sì fi déètì sí i.