ỌJỌ́ MỌ́KÀNLÉLÓGÚN NÍ YÚRÓÒPÙ: Ohun tí ìrìn-àjò ìgbà ooru kọ́ ìdílé wa

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Ẹ̀yin ará, kì í ṣe ọmọdé nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Ó bá àwa àgbà náà wí. Ó lé ní ogún ọdún tí a ti wà lẹ́nu iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn, ìrìn-àjò tí a sì ń rìn kò ju ti ìpàdé àti àpéjọpọ̀ lọ. Ní ọdún 2023, ìyá àwọn ọmọ wa bi wá ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Dádì, àbígbẹ̀yìn yín ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún. Ìgbà wo lẹ jókòó tì í fún odidi ọjọ́ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò kan ilẹ̀kùn?"

A ronú títí, a kò rí ìdáhùn.

Owó àjọ tí a dá fún ọdún mẹ́rin wà nílẹ̀. Ọkọ̀ la fẹ́ fi pààrọ̀. A pinnu pé kí ọkọ̀ àtijọ́ ṣì máa gbé wa, kí a fi owó náà lọ rí àwọn ìlú ńláńlá Yúróòpù nígbà ooru wọn, ìparí oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, nígbà tí àwọn ọmọ wà nínú họlidé. Àwa mẹ́rin la lọ: àwa, ìyá àwọn ọmọ, ọmọ wa obìnrin tó jẹ́ ẹni ogún ọdún, àti àbígbẹ̀yìn wa ọkùnrin. A fẹ́ sọ bí ó ti rí, àti ibi tí a ti ṣìṣe, kí ẹ̀yin tó ń gbèrò irú rẹ̀ lè rí ọgbọ́n kọ́.

ÌLÚ MÉJE, ÌJÀ KAN

Àwa nìkan la jókòó ṣe ètò ìrìn-àjò náà; a kò bi ọmọ kankan léèrè. Ìlú méje la kọ sílẹ̀ fún ọjọ́ 21: Paris, Brussels, Amsterdam, Köln, Berlin, Prague àti Vienna. Ó dùn ún gbọ́ létí. A ti ń rò ó pé bí a bá padà dé, a ó máa ka orúkọ wọn fún àwọn ènìyàn.

Paris la kọ́kọ́ dé. Aago márùn-ún ìdájí la ń jí gbogbo ilé, bí ẹni tó ń lọ sóko. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a kó ara wa lọ sí Louvre, mùsíọ́mù tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ láyé. A bá ilẹ̀kùn ní títì. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ń ti ibẹ̀ pa. Ọmọ wa obìnrin mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló bi í?

Lọ́jọ́ kẹrin, ní ibùdókọ̀ ojú irin tí a ó ti wọ ọkọ̀ lọ sí Brussels, ọmọ wa ọkùnrin ní ó rẹ òun. A jágbe mọ́ ọn lójú gbogbo èrò. Ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó rìn lọ síbi ògiri, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ọkọ̀ ṣí, ó fi wá sílẹ̀, owó tíkẹ́ẹ̀tì sì ṣòfò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú wa lórí símẹ́ńtì níbẹ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú. Ìlú wọ̀nyí ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká mú díẹ̀ kúrò."

Ojú tì wá. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìwé ètò wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ìlú mẹ́ta ni wọ́n fi sílẹ̀: Paris, Köln àti Berlin.

ẸSẸ̀ NI WỌ́N FI Ń RÍ ÌLÚ

Láti ìgbà náà ni a tó rí Paris. Nígbà ooru, ilẹ̀ kì í ṣú níbẹ̀ títí aago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́ fi kọjá. A ń fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá odò Seine, búrẹ́dì lọ́wọ́, omi nínú ike. Kò sídìí láti máa ra omi kiri, nítorí láti ọdún 1872 ni wọ́n ti ń ri ẹ̀rọ omi mímu mọ́ ojú pópó fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. A rí ilé-ìṣọ́ Eiffel tí wọ́n parí ní 1889, tó ga tó mítà 330. Ogún ọdún péré ni wọ́n fún un láti dúró nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. A rí Notre-Dame tó jóná ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2019. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà náà. Oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni wọ́n tó tún un ṣí. Ọmọ wa ọkùnrin dúró síbẹ̀ fún wákàtí kan, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń to igi àti òkúta. Àwa rò pé eré ló ń ṣe.

Ọkọ̀ ojú irin gbé wa la Bẹ́ljíọ̀mù kọjá dé Köln, ní Jámánì, láàárín wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀. Bí ẹ bá ti jáde ní ibùdókọ̀, iwájú kàtídírà ńlá náà lẹ bọ́ sí. Ọdún 1248 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Iṣẹ́ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò sì tún bẹ̀rẹ̀ pẹrẹwu títí di 1842. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1880. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún 632! Ilé-ìṣọ́ rẹ̀ méjèèjì ga tó mítà 157. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bọ́ǹbù bà á léraléra, kò wó.

Àtẹ̀gùn 533 ni ènìyàn ń gùn dé òkè. Orúnkún wa kò gbà kọjá ìdajì. Àbígbẹ̀yìn wa gùn ún dé òkè, ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa, ó jókòó. Ó ní wọ́n sọnù, àwòrán tí àwọn àgbà ayé àtijọ́ yà fún iwájú ilé náà, kí wọ́n tó rí apá kan rẹ̀ ní ìlú Darmstadt ní 1814, àti apá kejì ní Paris ní 1816. Àwòrán yẹn ni wọ́n tẹ̀lé láti parí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, "Dádì, irú iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ kọ́. Ẹ ti sọ fún gbogbo ìjọ pé dókítà ni mo fẹ́ dà. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà bá wa lójijì. Lóòótọ́, a ti kéde rẹ̀ láìmọye ìgbà. A bínú díẹ̀, a kò ní purọ́. A wo ojú ìyá rẹ̀. Ó ti mọ̀ láti ọdún kan sẹ́yìn. A wá sọ fún ọmọ náà pé, "Dìde, wá fi ohun tí o rí hàn wá." Wákàtí méjì ló fi mú wa yí ilé náà ká, láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn. A kò mọ̀ pé ọmọ wa lè sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

BERLIN ÀTI ÀWA ADÚLÁWỌ̀

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la lò ní Berlin. Ní òpópónà Wilhelmstraße, a rí àmì ìrántí níbi tí ilé Bismarck wà rí. Ibẹ̀ ni aṣojú orílẹ̀-èdè mẹ́rìnlá ti jókòó láti oṣù Kọkànlá 1884 sí oṣù Kejì 1885 lórí ọ̀rọ̀ Áfíríkà. Kò sí ọmọ Áfíríkà kan lórí ìjókòó. Ní Humboldt Forum, a rí àwọn ère idẹ Benin tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní 1897. Ní 2022 ni Jámánì gbé ẹ̀tọ́ wọn padà fún Nàìjíríà, tí wọ́n sì dá ogún nínú wọn padà sí Abuja ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Àwọn kan ṣì wà níbẹ̀ bí ohun àyálò. Ọmọ wa obìnrin dúró níwájú wọn láìsọ̀rọ̀.

A tún lọ sí Bernauer Straße, níbi tí apá kan ògiri Berlin ṣì dúró sí. Òru kan ní oṣù Kẹjọ 1961 ni wọ́n pààlà ìlú náà, tí bàbá wà níhìn-ín tí ọmọ wà lọ́hùn-ún, títí di oṣù Kọkànlá 1989. A kò sọ ohun púpọ̀ níbẹ̀. Olúkúlùkù mọ ohun tó ń rò.

Lọ́jọ́ kan a wọ ọkọ̀ lọ sí Wittenberg, níbi tí Martin Luther ti gbé kókó 95 rẹ̀ jáde ní 1517. Ilẹ̀kùn onígi ìgbà náà ti jóná ní 1760; onídẹ tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní 1858 la rí. Ṣùgbọ́n ohun tó yà wá lẹ́nu jù ni pé, ní yunifásítì ìlú yìí kan náà, adúláwọ̀ kan, Anton Wilhelm Amo, tí a bí ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ghana lónìí, ti gbèjà ìwé ìwádìí rẹ̀ ní 1734. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ wa, a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ẹ̀YIN TÓ Ń GBÈRÒ LÁTI LỌ

1. Ẹ bi àwọn ọmọ yín léèrè kí ẹ tó ṣètò. Ìlú mẹ́ta tó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

2. Físà Schengen kan lè gbé yín wọ orílẹ̀-èdè 29. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sí lára wọn. Orílẹ̀-èdè tí ẹ ó ti lo ọjọ́ tó pọ̀ jù lẹ ó ti bèèrè. Owó rẹ̀ fún àgbà jẹ́ Yúrò 90 láti oṣù Kẹfà ọdún 2024. Ẹ lè bèèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò. Ẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé ìbánigbófò ìlera tí kò dín ní Yúrò 30,000.

3. Ẹ má ṣe kọjá iye ọjọ́ tí wọ́n fún yín. Òfin kò gbà ju ọjọ́ 90 lọ láàárín ọjọ́ 180. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ gba ìtẹ̀ka àti àwòrán ojú lẹ́nu ibodè. Ẹ má parọ́ nínú fọ́ọ̀mù, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín pa á.

4. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ ra oúnjẹ sílẹ̀ ní Sátidé. Ẹ má sọ ike omi nù. Wọ́n ń san sẹ́ǹtì 25 padà lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn.

5. Ẹ má yá owó lọ. Bí owó kò bá tó, ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí ìlú kan tó súnmọ́ tòsí. Ohun tí ẹ fẹ́ wà nínú ìrìn náà.

Nígbà tí a padà dé, a dìde níwájú ìjọ, a ní ọ̀rọ̀ dókítà tí a máa ń sọ, ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni, kì í ṣe ti ọmọ. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Lónìí ó wà ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ yíya àwòrán ilé ló ń kọ́. Ọkọ̀ àtijọ́ wa ṣì ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà. Bí ó bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ọmọ náà ló máa ń jáde wá bá wa tì í, a ó sì jọ máa sọ̀rọ̀ títí yóò fi gbéra. Olúwa yóò fún ẹ̀yin náà ní àyè láti mọ àwọn ọmọ yín.