Wọ́n Dá Aṣọ Jàpáànù Dúró ní 1934: Ta Ló Jèrè Rẹ̀?

Ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 1934, Walter Runciman, mínísítà ọ̀rọ̀ òwò nílùú Ọba, kéde nílé aṣòfin pé aṣọ òwú àti aṣọ rayon tó bá ti ilẹ̀ tí kò sí lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì wá kò ní máa wọ àwọn ilẹ̀ àmúnisìn ju ìwọ̀n kan lọ mọ́. Philip Cunliffe-Lister, mínísítà tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ náà, ló ní káwọn gómìnà sọ ọ́ dòfin. Aṣọ Jàpáànù gan-an ni wọ́n ń lé. Láti 1933 ni wọ́n ti ń palẹ̀ ẹ̀ mọ́, nígbà tí wọ́n kìlọ̀ fún Jàpáànù pé bí ọdún kan bá pé, àdéhùn òwò ọdún 1911 kò ní de Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ́. Lójú tèmi, ńṣe ni iléeṣẹ́ ìjọba méjèèjì fìmọ̀ ṣọ̀kan láti gba Lancashire, agbègbè iléeṣẹ́ aṣọ òwú nílùú Ọba, là, tí wọ́n sì di ẹrù owó rẹ̀ lé àwọn tó ń ra aṣọ ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó ní Èkìtì lórí.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe díwọ̀n. Iye aṣọ tó wọlé láàárín 1927 sí 1931 ni wọ́n tẹ̀ lé. Bẹ́ẹ̀, oṣù Kejìlá 1931 ni Jàpáànù ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ owó yen kúrò lára wúrà, tí owó náà já wálẹ̀, tí aṣọ wọn fi wá dọ̀pọ̀. Àwọn ọdún tí ọjà wọn kò tíì gbèrú ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú. Owó kòkó sì ti wó nígbà náà. Aṣọ tí apá rẹ̀ lè ká ni àgbẹ̀ Èkìtì ń wá.

Ẹnìkan lè sọ pé òfin náà gbè àwọn ìyá tó ń hun kíjìpá, aṣọ òwú ìbílẹ̀ wa, lẹ́yìn. Ì bá dára bó bá rí bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ ńlá niṣẹ́ wọn: wọ́n á yọ kóró inú òwú, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á ran án, kí wọ́n tó gbé e sórí òfì tó dúró lára ògiri, tí wọ́n á máa hun ún díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di aṣọ tó nípọn, tí igi oko kò lè tètè fà ya. Ṣùgbọ́n òfin náà kò fọwọ́ kan aṣọ Manchester, ìlú òwò aṣọ Lancashire, rárá. Àyè tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Jàpáànù, Manchester ni wọ́n gbé e fún, kì í ṣe ìyá aláṣọ-híhun.

Òótọ́ ni pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní Lancashire, ebi sì ń pa wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn ní aṣojú tí wọ́n dìbò yàn. Ní Nàìjíríà, Èkó àti Calabar nìkan ni wọ́n ti ń dìbò yan ọmọ ìgbìmọ̀ aṣòfin, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ní Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka báyìí, ìgbìmọ̀ aṣòfin kọ̀ jálẹ̀; London fi àṣẹ ọba gbé e kà wọ́n lórí. Ní Kẹ́ńyà, Uganda àti Tanganyika, wọn kò rí i ṣe, nítorí àdéhùn lórí agbègbè odò Kóńgò ní kí ọjà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Àgbẹ̀ Uganda ń ra aṣọ Jàpáànù lówó pọ́ọ́kú lọ ní tirẹ̀. Ìwé tí Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tọwọ́ bọ̀ ló gbà á sílẹ̀; àgbẹ̀ Ìkọ̀lé kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀.