Ìrora Ojú Awọ, Ìrora Inú: Ohun Tí Gìtá Kọ́ Mi Nípa Ọwọ́ Mi

Ní òru ọjọ́ kan, nínú ilé ìyá mi àgbà ní Bẹyẹrúnká, mo ta jí lójijì, mo sì rò pé ẹlòmíràn ló gbé ọwọ́ lé mi láyà. Ọwọ́ òsì èmi fúnra mi ni. Ó ti kú tipiri. Àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín kò mọ ohun tí wọ́n fara kàn mọ́. Mo gbọn ọwọ́ náà títí tó fi dà bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ń gún un.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣe ìgbéyàwó ní gbọ̀ngàn Mápó. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi ṣèlérí pé n ó ta gìtá nígbà tí ìyàwó bá ń wọlé. Gìtá àlòkù ni mo rà, oṣù kẹrin tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ nìyẹn, mo sì ń jókòó tì í fún wákàtí mẹ́rin lálaalẹ́. Nígbà tí orí ìka kọ́kọ́ ń ta mí, gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ní kí n fara dà á. Mo fara dà á. Nígbà tí ìrora náà wọ ọrùn ọwọ́, mo tún fara dà á. Ó wá di pé n kò lè tẹ kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsinmi, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ìkọ̀wé ni mo fi ń jẹun. Aládùúgbò kan bá mi fi ìpara gbígbóná wọ́ ọ, ó sì fa ìka kọ̀ọ̀kan títí tó fi dún. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọrùn ọwọ́ náà ti wú.

Bàbá onílù kan wà ní agbo ilé wa, tó ti ń lu ìyá ìlù dùndún kiri Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ kí wọ́n tó bí mi. Ó bá mi níbi tí mo ti ń ti ọwọ́ bọ omi tútù.

“Ìwọ ọmọ yìí, mú ọwọ́ wá kí n wò ó.”

“Bàbá, gìtá ló fà á, sà.”

“Mo mọ̀ pé gìtá ni. Ṣebí mò ń gbọ́ ọ lóru. Ibo ló ń dùn ọ́? Ṣé ojú awọ ni, àbí inú?”

Kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Bàbá na ọwọ́ tirẹ̀ sí mi. Níbi tí ọsán ìlù ti ń há a lọ́wọ́ láti ọdún pípẹ́, awọ ibẹ̀ ti yi bí awọ bàtà. Ó ní èyí kì í ṣe àrùn. Ara ló rí iṣẹ́ tí òun ń ṣe, tó sì dáàbò bo ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí inú ọwọ́ bá ń dun òun, òun a gbé ìlù kọ́, ẹni yòówù kó máa pè. Ó wá fi ìlù hàn mí. Ìgbà tí ohùn bá fẹ́ gòkè nìkan ló ń fún ọsán. Bí ohùn bá ti jáde, ó ti tú u sílẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ló ń fún un pinpin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo padà wo ara mi nídìí gìtá. Pinpin ni èmi náà ń dì í mú.

Ìbàdàn kì í ṣe àlejò gìtá. Ìlú yìí ni wọ́n ti bí Túndé Nightingale ní ọdún 1922, ọ̀kan nínú àwọn tó gbé orin jùjú ga kó tó di pé Ebenezer Obey àti King Sunny Adé gbòde. Ṣùgbọ́n adùn ni àwa olùgbọ́ ń gbọ́. A kì í rí ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́. Okùn mẹ́fà tí wọ́n fi irin ṣe máa ń fa ọrùn gìtá onípákó pẹ̀lú agbára tó tó nǹkan bí kílò 70, ìwọ̀n àgbàlagbà kan. Ti okùn ọ̀rá kò ju bí ìdajì rẹ̀ lọ. Irin tó le tó bẹ́ẹ̀ ni à ń fi ẹran ara rírọ̀ tẹ̀ mọ́ pákó.

Ní ilé ìwòsàn tí mo lọ lẹ́yìn náà, obìnrin tó mọ̀ nípa ìtọ́jú iṣan ní kí n gbé gìtá mi wá. Ó ṣàlàyé pé egungun kéékèèké 8 ló wà ní ọrùn ọwọ́. Ọ̀nà tóóró kan gba ibẹ̀ kọjá, níbi tí iṣan 9 tó ń ká ìka kò ti ń há mọ́ ara wọn pẹ̀lú iṣan kan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá, ìka àárín àti apá kan ìka òrùka. Bí ọrùn ọwọ́ bá tẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tí àwọn iṣan sì wú, wọn a máa fún iṣan ìmọ̀lára náà mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ń kú lóru.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gìtá, ẹ jẹ́ kí a ya ìrora méjì yìí sọ́tọ̀. Èyí tó wà ní orí ìka nìkan, tó ń ta bí ẹni fọwọ́ kan iná díẹ̀, kì í ṣe ohun ẹ̀rù. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, awọ ibẹ̀ yóò yi. Ẹ má ṣe bó o, ẹ má sì ta gìtá nígbà tí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ ọwọ́. Bí ó bá léròrò, ẹ sinmi kó jinná. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ inú ìka, ọrùn ọwọ́ tàbí apá ló ń dùn, bí ọwọ́ bá ń kú, tàbí tí nǹkan ń jábọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ gbé gìtá kalẹ̀ kí ẹ lọ rí oníṣègùn. UCH tó wà ní ìlú wa níbí, tó ti ṣílẹ̀kùn láti ọdún 1957, ní ẹ̀ka tó wà fún irú ìtọ́jú yìí.

Àyípadà tí mo ṣe kò pọ̀. Mo gbé gìtá fún ẹni tó ń tún un ṣe, ó sì rẹ okùn rẹ̀ sílẹ̀; wọ́n ti ga jù sí pákó. Mo fi okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ rọ́pò àwọn ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn irin tó dábùú ọrùn gìtá gan-an ni mo ń tẹ̀ báyìí, kì í ṣe àárín irin méjì, nítorí pé ibẹ̀ ni agbára díẹ̀ ti ń tó. Ọrùn ọwọ́ mi ń tọ́, èjìká mi ń rọ̀. Dípò wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú ogún ni mo ń ta, n ó sì sinmi kí n tó tún bẹ̀rẹ̀.

Mo ka ìtàn Tony Iommi, ọmọ Birmingham, tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ gé orí ìka méjì rẹ̀ ní ọdún 1965, lọ́wọ́ tó fi ń tẹ okùn. Ó yọ́ ike, ó fi ṣe orí fún àwọn ìka náà, ó lẹ awọ mọ́ ọn, ó sì ń lo okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ó di olókìkí nínú ẹgbẹ́ Black Sabbath. Kò bá ìrora jà. Gìtá ló tún ṣe kó lè bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Ní ti Leon Fleisher, atẹdùùrù ará Amẹ́ríkà, ìka méjì ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ká kò ní àwọn ọdún 1960, ó sì lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó lè padà máa fi ọwọ́ méjèèjì tẹ dùùrù bó ṣe yẹ.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, mo ti sọ òótọ́ fún ìyàwó. Orin kan ṣoṣo ni mo ta, èyí tó kúrú jù lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ta ìyókù. Nígbà tí mo ṣe tán, mo gbọ́ dùndún lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Bàbá wa ni. Ó ń ki ìdílé ìyàwó, ó fún ọsán, ó tú u sílẹ̀, ó fún un, ó tú u sílẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo jókòó, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀.